Ọmọ Tó Máa Ń Ní Òun Ti Yó

Bí ẹ bá fẹ́ ba ọjọ́ ìsinmi jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́, ẹ má wulẹ̀ bú mi. Ẹ kàn bá mi tan fíìmù ọlọ́pàá, èyí tí ọmọ kékeré kan wà nínú rẹ̀ tí kò rí ẹni tọ́jú rẹ̀. Àwọn ọmọ mi mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí irú rẹ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀ báyìí, ọ̀kan á wo ojú mi, ìkejì á rọra gbé bàtà mi kúrò nítòsí, nítorí wọ́n ti rí i rí tí mo sọ bàtà lu tẹlé. Bákan náà ni gbogbo wọn máa ń rí: ọ̀gá ọlọ́pàá kan tí kò fá irùngbọ̀n á kan ilẹ̀kùn, inú ilé á rí játijàti, ọmọ náà á jókòó sórí àga, ojú rẹ̀ á là kalẹ̀ bí ojú òwìwí. Ọ̀gá ọlọ́pàá á wá máa rìn síwá sẹ́yìn, á máa fa sìgá. Ṣé kí òun mú ìyá ọmọ yìí ni, àbí kí òun dijú? Ṣé kí òun gbé ọmọ fún ìjọba ni, àbí kí òun fi í sílẹ̀ fún ẹni tó bí i? Wákàtí kan gbáko ni yóò fi rò ó, orin arò á sì máa dún lábẹ́ ìrònú rẹ̀. Nínú gbogbo wákàtí yẹn, kò sí ẹnì kan ṣoṣo tí yóò bi ọmọ náà pé kí ló fi ẹnu kàn láàárọ̀. Ohun tó ń bí mi nínú nìyẹn. Àwọn ọmọ mi á ní, "Màmá, fíìmù ni o." Mo mọ̀ pé fíìmù ni. Mo ti ṣe ògbufọ̀ irú rẹ̀ rí kí a tó bí wọn, mo sì mọ ohun tí ògbufọ̀ náà fà.

Ilé Bàbá Àgbà ní àdúgbò Akron, nílùú Àjàṣẹ́, ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀, Bàbá Àgbà tó bí bàbá mi. Aránfìlà ni. Kí ẹni tó ń pe ìrun àárọ̀ tó sọ ọwọ́ kalẹ̀ létí, maṣíìnì Bàbá Àgbà á ti máa ké kẹ̀kẹ̀kẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, bí àdìẹ tó fẹ́ yé tí kò ríbi yé sí. Lẹ́yìn ìyẹn la ó gbọ́ omi kànga tó ń ṣẹ́ sínú garawa, tí a ó gbọ́ ewúrẹ́ tó ń fi ìwo họ ilẹ̀kùn, tí àwọn Gùn, àwọn Ègùn aládùúgbò wa tó wà lẹ́yìn ògiri, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í kí ara wọn. Ẹ mọ ìkíni àwọn ará ibẹ̀. Wọ́n á kí ilé, wọ́n á kí oorun tí wọ́n sùn, wọ́n á kí ìyàwó, wọ́n á kí ọmọ, Ìyá Àgbà á sì máa kùn nídìí ààrò pé, "Àwọn wọ̀nyí á kí ara wọn títí ilẹ̀ á fi ṣú, wọ́n á wá bẹ̀rẹ̀ ti ilẹ̀ tó ṣú." Òun fúnra rẹ̀ kì í sinmi. Ẹ̀kọ ló máa ń rò, ẹ̀kọ tí àwọn ẹlòmíràn ń pè ní àkàsà, tí yóò pọ́n ọn sínú ewé, tí yóò tò ó sínú agbọ̀n bí ọmọ tuntun. Ẹ̀kọ la fi ń jẹ ẹja ọ̀sà, ẹ̀kọ la fi ń jẹ ata dídín, ẹ̀kọ la fi ń jẹ ìbínú Bàbá Àgbà. Tí a bá jẹun tán, iṣẹ́ tèmi ni láti ṣa gbogbo ewé tí a ti tú, kí n kó wọn lọ sẹ́yìn kànga níbi tí ewúrẹ́ ti máa jẹ wọ́n. Iṣẹ́ tí mo kórìíra jù láyé nìyẹn. Ewé á máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́, eṣinṣin á sì máa bá mi ṣeré tí mi ò bẹ̀ ẹ́.

Mi ò ní í dárúkọ ọdún náà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n, kó mọ̀ pé ọdún tí Tọ́ńtọ̀n Bàṣírù, àbúrò bàbá mi, gbé tẹlé wọlé ni. Ẹ̀yìn alùpùpù ló dè é mọ́ bí ẹran Iléyá, ó gbé e sórí àpótí nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fi ọ̀pá bambú gbé irin tó ń gba àwòrán sókè òrùlé. Bí àwòrán bá ṣe wàhálà, òun ló máa jáde lọ yí ọ̀pá, a ó máa kígbe sí i láti inú ilé pé, "Ó ti dára! Rárá o, ó ti lọ! Tọ́ńtọ̀n, ẹ dúró bẹ́ẹ̀!" Òun náà á dúró bẹ́ẹ̀ nínú oòrùn, ọ̀pá lọ́wọ́, kò ní rí nǹkan kan nínú ohun tí a ń wò. Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, lẹ́yìn ìrun àsárì, fíìmù ọlọ́pàá kan máa ń wá. Fáránsé ni wọ́n ń sọ nínú rẹ̀. Nínú ilé wa, kò sí àgbàlagbà kan tó gbọ́ Fáránsé kọjá "bọ̀ǹsú" àti "mẹẹsí" àfi Tọ́ńtọ̀n, òun sì rèé níta tó ń di ọ̀pá mú. Bí èmi Ràbí, ọmọ ọdún mẹ́wàá, ṣe di ògbufọ̀ ilé nìyẹn. Wọ́n fún mi ní àpótí kékeré kan kí n jókòó lé e lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlé gan-an, Ìyá Àgbà sì máa ń fi gbogbo orí ẹja pamọ́ fún mi lọ́jọ́ Sátidé, nítorí pé ọ̀fun onísọ̀rọ̀ ń gbẹ.

Kí n má purọ́ fún yín báyìí, irọ́ tí mo pa nígbà náà ti tó. Nínú ọ̀rọ̀ mẹ́wàá, mo lè gbọ́ mẹ́ta. Méje tó kù, orí ara mi ni mo fi ń sè é. Òyìnbó á sọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan, èmi á sọ ogún. Tọ́ńtọ̀n á yọ orí láti ojú fèrèsé, á ní, "Ràbí, ẹnu ọkùnrin yẹn kò tí ì ṣí tán tí o ti parí ọ̀rọ̀ rẹ̀." Bàbá Àgbà á ní kó jẹ́ kí ọmọ ṣiṣẹ́, kó padà sídìí ọ̀pá. Gẹ́gẹ́ bí ògbufọ̀ mi, ọ̀rọ̀ kọmisẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá ọlọ́pàá kan báyìí, tó wọ ilé kan láti wá olè, tó wá bá ọmọbìnrin kan níbẹ̀ tó ń jẹ́ Lúsì. Ìyá Lúsì ni olè náà. Ó ti lọ láti ọjọ́ púpọ̀, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ. Kọmisẹ́ẹ̀ kò wá mọ ohun tí òun máa ṣe. Bí ó bá mú ìyá, ọmọ di ti ìjọba. Bí kò bá mú un, ebi á pa ọmọ.

Ha, ẹ bá wá gbọ́ àríyànjiyàn nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn! Bàbá Àgbà ní ẹ̀wọ̀n ni, ẹ̀wọ̀n ni, kò sí ohun tí à ń rò. Ìyá Àgbà ní ìyá ni ìyá ń jẹ́, bí ó jalè bí kò jalè. Ìyá Sàkà, ìyàwó Tọ́ńtọ̀n, ẹni tí omijé kì í jìnnà sí lójú, á ti fi etí ìró nu ojú títí ìró á fi rin. Ìyá mi ní kí kọmisẹ́ẹ̀ kúkú fẹ́ ìyá ọmọ náà, kí wọ́n jọ máa tọ́jú rẹ̀, ṣé òun náà kò ní ìyàwó. Bàbá Àgbà ní, "Kí ó fẹ́ olè? Kí ó máa so àpò ṣòkòtò rẹ̀ ní kókó kó tó sùn?" Ẹ̀rín á sọ. Wọ́n á tún padà sídìí ẹkún. Láti Sátidé dé Sátidé, ọ̀rọ̀ Lúsì ni wọ́n ń sọ nídìí ààrò, òun ni wọ́n ń sọ nídìí maṣíìnì. Ìyá Sàkà tilẹ̀ gbàdúrà fún un.

Ní gbogbo Sátidé wọ̀nyẹn, Awáwù wà pẹ̀lú wa nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìdí òpó ẹnu ọ̀nà ni ó máa ń jókòó sí, á ká ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì jọ, á fi àgbọ̀n lé orúnkún. Ọmọ ọdún méje tàbí mẹ́jọ ni. Ìyá rẹ̀ ló gba yàrá kan lọ́dọ̀ wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnubodè ilé. Àlòkù aṣọ ni obìnrin náà ń tà, á dì wọ́n ní ẹrù, á gba ẹnubodè Kraké kọjá, á lọ sí Èkó, á sọ pé ọjọ́ mẹ́ta ni òun máa lò. Bàbá Awáwù ti bá tirẹ̀ lọ láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ẹbí rẹ̀ wà ní Ìfànyìn. Nígbàkígbà tí Ìyá Awáwù bá fẹ́ gbéra, á dúró láàárín agbo ilé, ẹrù lórí, á ní, "Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ bá mi fojú sí Awáwù o." Gbogbo ilé á dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà: "Kò burú! Ilé kan náà ni!" Ìyá Àgbà á sì fi òwe tì í lẹ́yìn, pé ẹnì kan ló ń bímọ, igba ènìyàn ló ń tọ́ ọ. Òwe dídára ni. Nǹkan tí òwe náà kò sọ ni pé nínú igba ènìyàn yẹn, ẹnì kọ̀ọ̀kan lè máa wo mọ́kàndínnígba tó kù.

Ẹ̀yin tí wọ́n tọ́ bí wọ́n ṣe tọ́ wa, ẹ mọ òfin. Ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ilé kì í jẹun ní abọ́ oníabọ́. Bí wọ́n bá pè ọ́ sí oúnjẹ, wàá kúnlẹ̀, wàá ní, "Ẹ ṣeun, mo ti yó." Àgbà á tún pè ọ́, wàá tún kọ̀. Ní ìgbà kẹta, wàá wo ojú ìyá rẹ. Bí ó bá ṣẹ́jú, o lè jẹ. Bí ó bá tẹjú mọ́ ọ, ọmọ, yó kíá. Èmi kì í lè dé ìgbà kẹta. Ìgbà àkọ́kọ́ ni ọwọ́ mi ti máa ń wà nínú ọbẹ̀, nígbà tí mo bá sì délé, etí mi ló ń jìyà rẹ̀. Awáwù kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ pè é sí ẹ̀kọ, "Ẹ ṣeun, mo ti yó." Ẹ pè é sí ẹ̀wà, "Ẹ ṣeun, mo ti yó." Kò sí ìyá rẹ̀ nítòsí tí yóò ṣẹ́jú fún un, nítorí náà yíyó ni ó ń yó láàárọ̀, yíyó ló ń yó lálẹ́. Àwọn àgbà ilé wa, tó yẹ kí wọ́n pè é lẹ́ẹ̀kejì àti ẹ̀ẹ̀kẹta, inú wọn dùn débi pé wọ́n gbàgbé. Wọ́n á gbé abọ́ wọn padà, wọ́n á máa yìn ín. "Ẹ wo ọmọ! Kò sí ọ̀kánjúà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ rárá." Ìyá mi á wá kọjú sí mi: "Ìwọ Ràbí, wo Awáwù! Ìwọ tí ojú rẹ kì í kúrò nínú abọ́ olóúnjẹ bíi ti ológbò!" Kí n sọ òtítọ́, mo kórìíra ọmọ náà. Ta ni kò ní í kórìíra ẹni tí wọ́n ń fi nà án?

Ìrìn àjò kan wá, ọjọ́ mẹ́ta pé, ó di mẹ́rin, ó di márùn-ún, Ìyá Awáwù kò dé. Àárín ọjọ́ wọ̀nyẹn ni Awáwù bá mi nídìí agbọ̀n ewé, ó ní, "Dàdá Ràbí, ẹ jẹ́ kí n máa bá yín kó ewé." Dàdá là ń pe ẹ̀gbọ́n obìnrin ní Àjàṣẹ́, ọ̀dọ̀ àwọn Gùn aládùúgbò wa la ti kọ́ ọ. Mo wò ó lókè, mo wò ó nílẹ̀. Mo rò pé òmùgọ̀ ni. Mo gbé gbogbo agbọ̀n lé e lọ́wọ́ kó tó yí ọkàn padà. Àwọn àgbà tún ti rí ohun tuntun yìn: ọmọ náà tún mọ iṣẹ́ ṣe! Ó tún mọ́ tónítóní! Èmi ń jókòó sábẹ́ òrùlé, mò ń gbádùn ara mi. Ní ọjọ́ kejì tàbí ẹ̀kẹta, ìyá mi rán mi lọ fa omi, mo sì yí sẹ́yìn kànga. Awáwù kúnlẹ̀ síbẹ̀. Ó na ewé kọ̀ọ̀kan sórí itan rẹ̀, ó ń fi èékánná họ ẹ̀kọ tó lẹ̀ mọ́ ọn, ó ń fi í sẹ́nu, ó wá ń fi ahọ́n lá ibi tí èékánná kò dé. Èyí tó bá ti lá tán, á jù ú sí ewúrẹ́. Ewúrẹ́ dúró tì í, ó ń retí tirẹ̀ bí ẹni tó to ìlà.

Mo ní, "Kí lò ń ṣe níbẹ̀ yẹn?"

"Mò ń fọ ewé."

"Ahọ́n lo fi ń fọ ewé?"

Mo rò pé a ó jọ rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Ó kó ewé tó kù sábẹ́ aṣọ rẹ̀, ó ní, "Dàdá, ẹ má sọ fún wọn. Ẹ dákun."

"Kí ló dé? Ìyá Àgbà máa fún ọ lóúnjẹ, kò ní nà ọ́."

"Wọ́n máa mọ̀ pé màmá mi fi mí sílẹ̀. Wọ́n máa pe ọlọ́pàá. Ẹ̀yin náà lẹ sọ ọ́, Dàdá. Ẹ ní kọmisẹ́ẹ̀ sọ pé ìyá tó bá fi ọmọ sílẹ̀, ẹ̀wọ̀n ọdún méje ni."

Ẹ gbọ́ mi: kọmisẹ́ẹ̀ kò sọ bẹ́ẹ̀. Mi ò mọ ohun tí kọmisẹ́ẹ̀ sọ. Ó sọ ọ̀rọ̀ gígùn kan ní Sátidé kan, ọ̀rọ̀ tí mi ò gbọ́ ẹyọ kan nínú rẹ̀, Bàbá Àgbà sì ń wo ẹnu mi, mo sì mọ̀ pé ìdájọ́ ni Bàbá Àgbà fẹ́ràn. Mo bá fún un ní ìdájọ́. Ọdún méje, nítorí méje dùn lẹ́nu. Bàbá Àgbà pàtẹ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ti ọmọ yìí mọ́lé pẹ̀lú ebi rẹ̀, mi ò sì mọ̀. Ó yẹ kí n sọ fún un lójú ẹsẹ̀ pé irọ́ ni. Ọ̀rọ̀ náà dé ètè mi. Ṣùgbọ́n mo rántí àpótí kékeré mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlé. Mo rántí orí ẹja. Bí wọ́n bá mọ̀ pé mò ń parọ́, Tọ́ńtọ̀n ni wọ́n máa pè wọlé kó wá ṣe ògbufọ̀, èmi ni wọ́n máa rán síta lọ di ọ̀pá mú. Mo bá búra fún Awáwù pé mi ò ní sọ. Mo ti di àgbà báyìí, mo ti bí, mo ti tọ́, síbẹ̀ bí mo bá rántí pé mo fi ọmọ yẹn pààrọ̀ orí ẹja, mo máa ń fẹ́ bọ́ bàtà mi sọ lu ara mi.

Ọjọ́ mélòó kan tó tẹ̀lé e, ó kù díẹ̀ kí n ya wèrè. Mo gbé ìdajì búrẹ́dì mi fún un, ọmọ yìí wo ojú mi, ó ní, "Ẹ ṣeun, Dàdá, mo ti yó." Èmi tí mo rí i pẹ̀lú ewúrẹ́! Mo ní, "Awáwù, èmi kọ́ lò ń purọ́ fún báyìí!" Ó tún ní òun ti yó. Nígbà tó yá ni mo rí ọgbọ́n dá sí i: mo máa ń gbé oúnjẹ sí etí kànga, mo máa ń ṣe bí ẹni tó gbàgbé rẹ̀, mo máa ń lọ. Ohun tí a fún un, kò lè gbà á. Ohun tí a gbàgbé, ó lè ṣà á. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́wàá tó ní ìyá tó lójú, mélòó ló lè gbàgbé lójúmọ́? Mo máa ń wo àwọn àgbà. Wọ́n ń sunkún Lúsì. Ìyá Sàkà ní òun kò rí oorun sùn nítorí Lúsì. Ọrùn Awáwù ti tín-ín-rín, aṣọ rẹ̀ ti ń bọ́ léjìká, ó sì rèé nídìí òpó níwájú gbogbo wọn.

Sátidé mìíràn dé. Ó ti pé ọjọ́ mẹ́sàn-án tí Ìyá Awáwù lọ. Kọmisẹ́ẹ̀ padà sí ilé Lúsì, ó jókòó tì í, ó bi í ní ọ̀rọ̀ kan. Ìyẹn ni mo gbọ́, nítorí ọ̀rọ̀ ilé ìwé ni: ó ní ṣé o ti jẹun. Lúsì dáhùn wúyẹ́wúyẹ́. Mi ò gbọ́ ọ. Bàbá Àgbà ní, "Ràbí, kí lọmọ wí?" Gbogbo ojú wà lára mi. Mo wá irọ́ tí mo máa pa nínú orí mi, mi ò rí òmíràn. Ẹnu mi kàn là, ó ní:

"Ó ní, 'Ẹ ṣeun, mo ti yó.'"

Ìyá Sàkà fi ọwọ́ méjèèjì gbá itan. "Ẹ wo ẹ̀kọ́ ilé! Ọmọ òyìnbó náà ní ẹ̀kọ́ ilé!"

"Ẹ̀kọ́ ilé wo?" Bàbá Àgbà ti bínú. "Ẹ̀kọ́ ilé ló máa yó o? Ìyá rẹ̀ ti lọ láti ọjọ́ yìí wá, ìkòkò ilé gbẹ, ta ló bọ́ ọ tó fi yó? Kọmisẹ́ẹ̀ yìí náà, odidi ọ̀gá ọlọ́pàá, ó sì gbà! Ó tilẹ̀ ń mi orí! Ẹran! Bi ọmọ pé kí ló jẹ!"

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yẹn, kò sí ẹni tó tún wo tẹlé. Òyìnbó ń sọ Fáránsé lọ fún ara rẹ̀. Ìyá Àgbà ló kọ́kọ́ yí ọrùn, díẹ̀ díẹ̀, bí ẹni tí ọrùn ń dùn, títí ojú rẹ̀ fi dé ìdí òpó.

"Awáwù."

"Ìyá."

"Kí lo jẹ lónìí?"

"Mo ti yó, Ìyá."

"Mi ò bi ọ́ bóyá o yó. Mo ní, kí lo jẹ?"

Gbogbo ìdáhùn ayé ni wọ́n ti kọ́ ọmọ náà, àfi ti ìbéèrè yìí. Ní ìgbẹ̀yìn, ó ní, "Ẹ̀kọ."

"Ta ló fún ọ?"

Ó wo ibi tí ìyá mi jókòó sí. Ìyá mi ní, "Èmi kọ́ o. Èmi rò pé ọ̀dọ̀ Ìyá Sàkà ló ti ń jẹ." Ìyá Sàkà dìde dúró: "Ọ̀dọ̀ mi? Ọ̀dọ̀ Ìyá Àgbà ni mo rò pé ó ń jẹ! Ìgbàkígbà tí mo bá pè é, ó ní òun ti yó!" Tọ́ńtọ̀n yọ orí lójú fèrèsé, ó ní, "Ṣé ó ti dára?" Òun ń bèèrè àwòrán.

Bàbá Àgbà pa tẹlé. Ó ní kò sí àríyànjiyàn mọ́: tí ilẹ̀ bá mọ́, òun máa mú ọmọ yìí lọ fún àwọn ẹbí bàbá rẹ̀ ní Ìfànyìn, kí ìyá rẹ̀ tó dé, ìyá náà yóò sì rí pípọ́n ojú òun. Ọ̀rọ̀ yìí ni Awáwù gbọ́ tó fi fò sókè. Ó sá gba agbo ilé kọjá, ó lọ fapá kọ́ òpó ẹnu ọ̀nà yàrá wọn, ó ń ké, "Ẹ má mú màmá mi! Ẹ má gbé e fún ọlọ́pàá! Mo ti yó! Mo ti yó!" Ìyá Sàkà ń fà á, kò já. Bàbá Àgbà ní, "Ta ló dárúkọ ọlọ́pàá?" Ọmọ náà ní, "Kọmisẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ọdún méje."

Gbogbo wọn wá yí ojú sí mi. Tọ́ńtọ̀n ti wọlé, ọ̀pá ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ọdún méje? Kọmisẹ́ẹ̀ wo ló sọ bẹ́ẹ̀? Ràbí?"

Mo sọ ọ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ikun imú: ọdún méje, ewé, ewúrẹ́, búrẹ́dì tí mo ń gbàgbé. Bàbá Àgbà na ọwọ́ sí pàṣán. Ìyá Àgbà ló ní, "Fi Ràbí sílẹ̀, Bàbá Bàṣírù. Èyí tó ṣẹlẹ̀ sí àwa ló burú jù. Ọmọ kan purọ́ fún wa láti inú Fáránsé, a gbà. Òmíràn purọ́ fún wa ní Yorùbá, ojoojúmọ́, ní ojúkojú, a tún ń yìn ín." Ó wọ ilé ìdáná, ó gbé abọ́ kan jáde, abọ́ funfun tí etí rẹ̀ jẹ́ búlúù, èyí tí ó ti ń gbé pamọ́ fún àlejò. Ó lọ jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó tí Awáwù fapá kọ́. Ó ní, "Abọ́ rẹ rèé. Kì í ṣe abọ́ oníabọ́, tìrẹ ni, nítorí náà o ò lè kọ̀ ọ́. Bí ó bá ṣófo, èmi ni kí wọ́n bi, kì í ṣe ilé." Ó sì kọjú sí Bàbá Àgbà: "Kò sí ẹni tó ń lọ Ìfànyìn." Ẹ̀kọ mẹ́rin ni Awáwù jẹ níbẹ̀. Gbogbo wa dúró yí i ká, à ń wò ó, bí ẹni ń wo tẹlé, títí Ìyá Àgbà fi lé wa.

Ìyá Awáwù dé ní ọjọ́ kẹta sí i. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Ọjà kò tà, ìyẹn ló fi pẹ́, ẹrù náà ló tún gbé padà. Kò tíì sọ ẹrù kalẹ̀ tí Bàbá Àgbà fi bẹ̀rẹ̀ sí í bú u. Obìnrin náà gbọ́ ọ títí ó fi parí. Ó wá yí ojú ká, ó ní, "Ta ni mi ò kí nínú yín kí n tó lọ? Ta ni kò dá mi lóhùn? Mo gbọ́ 'ilé kan náà ni' létí mi méjèèjì."

Bàbá Àgbà ní, "Ìwọ lo bí i."

"Èmi ni mo bí i, Bàbá. Bí mo bá jókòó tì í, àwa méjèèjì la ó jọ máa lá ewé."

Ó wá pe ọmọ rẹ̀, ó ní, "Awáwù, wọn kì í pè ọ́ sí oúnjẹ ni?" Awáwù ní, "Wọ́n ń pè mí, mà. Ẹ ní kí n má gbà." Ìgbà yẹn ni ẹrù tó wà lórí obìnrin náà bọ́, òun náà sì jókòó lé e lórí. Àwọn kọmisẹ́ẹ̀ inú fíìmù, ẹ wá dá ẹjọ́ yìí kí n rí yín. Ta lẹ máa mú?

Nǹkan bí oṣù méjì ni abọ́ olétí búlúù fi wà lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Awáwù kún díẹ̀. Ìyá rẹ̀ ni kò lè dúró mọ́. Ó ní bí òun bá ń kọjá, ojú tí wọ́n fi ń wo òun dà bí ojú tí à ń fi wo olè, òótọ́ sì ni. Ní àárọ̀ Sátidé kan, ó kó ẹrù, ó mú ọmọ, wọ́n lọ sí àdúgbò mìíràn. A wá rí abọ́ náà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, wọ́n ti fọ̀ ọ́ tó ń dán, wọ́n ti da ojú rẹ̀ dé. Ìyá Àgbà wò ó títí, ó gbé e. Kò sí ẹni tó tún jẹun nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ náà gan-an ni fíìmù náà parí, ṣùgbọ́n Bàbá Àgbà ti da aṣọ bo tẹlé, nítorí náà mi ò mọ̀ títí di òní bóyá kọmisẹ́ẹ̀ mú ìyá Lúsì. Mi ò sì mọ̀ bóyá ohun tí ẹnu mi ṣe dára fún Awáwù tàbí ó bà á jẹ́. Ó rí oúnjẹ nítorí mi. Ó pàdánù abọ́ nítorí mi. Ohun tó yí padà nínú ilé wa kò ju ẹyọ kan lọ. Ìyá Àgbà fi òfin de ìbéèrè "Ṣé o ti jẹun?" fún gbogbo wa. "Kí lo jẹ?" ni à ń bi ọmọ títí tí wọ́n fi gbé Ìyá Àgbà lọ sílé ìkẹyìn, òun ni mo sì fi tọ́ àwọn tèmi.

Tàbí kí n sọ pé mo rò bẹ́ẹ̀. Ní àìpẹ́ yìí, mo wà ní Kraké, mo jókòó sórí bẹ́ńṣì, mò ń retí kí wọ́n wo ìwé mi, inú ń bí mi nítorí ooru. Obìnrin sísanra kan pẹ̀lú ẹrù àlòkù aṣọ dúró níwájú mi, ó ń wò mí, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Dàdá Ràbí. Ahọ́n lẹ ṣì fi ń fọ ewé?" Mo pariwo débi pé àwọn tó to ìlà yí ojú padà. A di mọ́ ara wa, a ń sunkún, a ń bú ara wa. Ọmọbìnrin kan wà lẹ́yìn rẹ̀, bí ọmọ ọdún mẹ́jọ, pẹ̀lú àpò ilé ìwé lẹ́yìn. Awáwù ní bí ilé ìwé bá ti wọ ìsinmi, ibi tí òun bá ń lọ ni wọ́n jọ ń lọ, òun kì í fi í lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Inú mi dùn, orí mi wú, mo fa búrẹ́dì jáde láti inú àpò mi, mo nà án sí ọmọ náà, mo ní, "Ìyá mi kékeré, ṣé o ti jẹun?"

Ọmọ náà kúnlẹ̀ wọ́ọ́rọ́. "Ẹ ṣeun, mà. Mo ti yó."

Mo ti ń gbé búrẹ́dì mi padà sínú àpò, mo ti ń múra láti yin ọmọ, kí n tó rí ojú Awáwù. Ó wò mí bẹ́ẹ̀, ó ní, "Dàdá. Ẹ̀yin náà?"

Ojú tì mí. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ojú èmi àti ti ọmọ fi ṣe déédé, mo ní, "Má dá mi lóhùn èyí tí mo bi ọ́ yẹn. Kí lo jẹ?"

Ọmọ náà wo ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ṣẹ́jú. Ọmọ bá na ìka, ó bẹ̀rẹ̀: ó jẹ ògì láàárọ̀, ó fi àkàrà márùn-ún jẹ ẹ́, ó jẹ ẹyin kan, ìyá rẹ̀ tún fún un ní ààbọ̀ tirẹ̀, ó mu ọsàn méjì, ó jẹ ìrẹsì àti ẹ̀wà nínú ọkọ̀, ẹja wà nínú rẹ̀ ṣùgbọ́n ẹja náà ní egungun, ó jẹ ẹ̀pà, ó fún ẹnì kan nínú ẹ̀pà náà, ó tún gbà á padà... Ẹni tó ń wo ìwé ti pe orúkọ mi lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ náà ti lo ìka ọwọ́ tán, ó ń bọ́ bàtà. Ó sú mi, kí n má purọ́, ó sú mi gidi. Mo jókòó sílẹ̀ nínú eruku Kraké, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán.